Ibà Tó Jí àti Ibà Tó Wọlé

Ẹ̀yin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún pé ibà jẹ̀funjẹ̀fun ló wà lára yín, ẹ̀yin gan-an ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ má tíì pín ẹrù yín. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ibà yìí gbé mi dè, síbẹ̀ mo wà níbi tí mo jókòó sí tí mò ń kọ èyí. Mo ti jẹun àárọ̀, mo sì ti bá ọkọ mi jà lórí ata tó dà sínú ọbẹ̀. Ẹni tó ń kú lọ kì í jà lórí ata.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe pé mo yè nìkan ni mo fẹ́ sọ. Ìyàtọ̀ kan wà tí n kò mọ̀ tẹ́lẹ̀, tí àìmọ̀ rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ èmi àti ọmọ mi di ará ọ̀run. Bí àìsàn bá lọ tó tún padà, ọ̀nà méjì ló lè gbà padà. Ó lè jẹ́ pé ti àtijọ́ ni kò kú tán nínú ara, tó wá jí. Ó sì lè jẹ́ pé ti àtijọ́ ti kú pátápátá, tuntun mìíràn ló gba ẹnu wọlé. Lójú ẹni tó ń gbọ̀n lórí ẹní, ọ̀kan náà ni àwọn méjèèjì. Àmọ́ ohun tó yẹ kí á ṣe sí ọ̀kan kọ́ ló tó fún èkejì.

Ẹ̀gbẹ́dá ni à ń gbé. Ògbómọ̀ṣọ́ ni èmi àti ọkọ mi ti wá. Káfíńtà ni òun, èmi ń ránṣọ. Nígbà tí owó epo bẹ̀rẹ̀ sí í dé ìlú, tí gbogbo ẹni tó bá ti rí sìmẹ́ǹtì rà ń kọ́lé, iṣẹ́ kò wọ́n káfíńtà l'Ékòó, ìyẹn la ṣe kó wá. Oko ẹ̀gẹ́ àti igbó ṣì ni ọ̀nà tó lọ sí Ìdímù nígbà náà, ṣùgbọ́n bí a bá sùn tí a jí, wọ́n á ti rọ iyanrìn sórí ilẹ̀ mìíràn. Onílé wa náà kánjú kọ́lé kí ayálégbé lè tètè wọ̀ ọ́. Ó gbẹ́ kànga síwájú, ó gbẹ́ ṣáláńgá sẹ́yìn, ilé tó sì wà láàárín àwọn méjèèjì kò gùn. Kò sẹ́ni tó rí nǹkan tó burú níbẹ̀. Omi kànga náà mọ́ lójú, ó tutù, ó sì dùn. Àwọn ará ilé mìíràn pàápàá máa ń wá tọrọ rẹ̀.

Àárẹ̀ ló kọ́kọ́ dé, mo sì pè é ní àárẹ̀ iṣẹ́. Lẹ́yìn náà ni orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ mi, oúnjẹ kò wù mí mọ́, ẹnu mi ń gbẹ. Ní òwúrọ̀, ara á fúyẹ́ díẹ̀, màá ní ó ti ń lọ nìyẹn. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, ara á tún gbóná ju ti àná lọ. Ẹ ṣọ́ ibẹ̀ yẹn dáadáa. Ibà tó ń gun òkè díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń gun àtẹ̀gùn, ẹ má fi ṣeré.

Mo lo oògùn ibà tí wọ́n ń tà ní kẹ́míìsì, gbogbo ara ń yún mi bí ẹni tó fara kan wèrèpè. Mo mu àgbo dógóyárò. Mo gbé ìkòkò àgbo gbígbóná síwájú, mo da aṣọ borí, mo làágùn títí. Ibà kò gbọ́. Inú bẹ̀rẹ̀ sí í run mí, ìgbẹ́ kò yà, nígbà tó sì yá, ó ń yà jù. Ọjọ́ tí oníbàárà wá wọn aṣọ, tí mo mú téépù, tí mo fi ń wọn ògiri, ni ọkọ mi sọ pé ó tó gẹ́ẹ́.

Kò sí ilé ìwòsàn ìjọba nítòsí wa. Bọ́lẹ̀kájà la wọ̀ dé Ìyànà Ìpájà, a tún wọ òmíràn níbẹ̀. Kí á tó dé, àwọn èèyàn ti tò láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí igi máńgòrò. Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá ń lọ, ẹ mú ẹni tó lè bá yín dúró lórí ìlà dání, torí kí ẹ tó yàgbẹ́ dé, ẹni tó wà lẹ́yìn yín ti di ẹni iwájú, á sì ní òun kò mọ̀ yín rí. Ìlà káàdì wà, ìlà dókítà wà, ìlà ibi tí wọ́n ti ń gba ẹ̀jẹ̀ wà, ìlà oògùn sì ń dúró de ẹni tó bá la gbogbo ìyẹn já. Obìnrin kan tó wá láti Ìgàndò ló yọ̀ǹda èjìká rẹ̀ fún mi kí n gbórí lé. N kò mọ orúkọ rẹ̀ títí dòní. Kí Ọlọ́run bá mi san án fún un.

Wọ́n dá mi dúró sí wọ́ọ̀dù. Wọ́n ní ibà jẹ̀funjẹ̀fun ni, táífọ́ọ̀dù lẹ́nu àwọn nọ́ọ̀sì. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ó pa ẹ̀gbọ́n bàbá mi; wọ́n ní ó lu ú nífun. Owó tí a ń tọ́jú fún ẹ̀rọ ìránṣọ tuntun wọ ilé ìwòsàn, ọkọ mi kò sì sọ ọ́ sí mi létí rí. Wọ́n fún mi ní oògùn oníkápúsù, mo lò ó tán bí wọ́n ṣe wí, ooru ara lọ sílẹ̀, mo sì padà sílé.

Ara ò tíì le. Irun orí mi ṣì ń já, n kò tíì lè gbé korobá omi, nígbà tí ooru ara tún dé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Mo sunkún bí ọmọdé. A tún padà sọ́dọ̀ dókítà tó tọ́jú mi, obìnrin kan tó kéré lọ́jọ́ orí ṣùgbọ́n tí kì í kánjú. Ó ní, "Ìyá Rísíkà, ẹ má sunkún mọ́. Ẹ ò ṣe nǹkan tó burú, ẹ lo oògùn yín dáadáa. Ó máa ń ṣe báyìí nígbà míì. Díẹ̀ nínú rẹ̀ ló sá pamọ́ sínú ara, bí oògùn ṣe tán, ó tún jí."

Mo bi í pé, "Ṣé kì í ṣe pé mo tún kó òmíràn ni?"

"Rárá jàre. Ara yín ò tíì yá tán kó tó dé. Ti àtijọ́ ni."

Oògùn kan náà ló tún fún mi, ó kàn jẹ́ kó pẹ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Kí n tó kúrò, ó kìlọ̀ fún mi nípa ohun mẹ́ta: kí n má mu àgbo, torí ìfun mi kò tíì le; kí á máa fi ọṣẹ fọwọ́ bí a bá ti ṣáláńgá dé, kí á sì máa se omi kí á tó mu ún. Ó ní omi kànga lè mọ́ lójú kó má mọ́ nínú.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í se omi. Àwọn obìnrin ilé wa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Bí wọ́n bá rí ìkòkò mi lórí sítóòfù, wọ́n á ní, "Ìyá Rísíkà, ṣé ẹ ti fi iyọ̀ sí i?" Màá ní ó ku irú. A jọ máa ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n n kò gbé ìkòkò kúrò. Rísíkà, ọmọ mi kan ṣoṣo, kò tíì tó ọmọ iléèwé nígbà náà, n kò sì fẹ́ kí ohun tó gbé mi ṣánlẹ̀ fọwọ́ kàn án.

Ìgbà yẹn ni ìyá ọkọ mi dé láti Ògbómọ̀ṣọ́. Wọ́n ti sọ fún un nílé pé ìyàwó ọmọ rẹ̀ ń kú lọ. N kò ní fi ẹnu mi ba Ìyá jẹ́ láé. Ó wẹ̀ mí, ó po ẹ̀kọ fún mi, ó fọ aṣọ tí mo sọ di ẹlẹ́gbin tí ọmọ bíbí ẹlòmíràn kò ní fọ̀. Ṣùgbọ́n ó kó àgbo wá, ó kún àpò kan. Àbúrò ọkọ mi tẹ̀lé e, ó ní ọwọ́ ayé wà nínú rẹ̀. Dókítà ti sọ pé ìfun mi kò le tó àgbo, n kò sì mu ún. Inú ilé gbóná díẹ̀. Ọkọ mi á jáde lọ bá pákó rẹ̀ tí kò bá mọ ẹ̀yìn ẹni tí ì bá gbè sí.

Ìyá ló fúnra rẹ̀ wá ojútùú. Ó ní, "Ìyàwó, o ò mu àgbo, mo ti gbọ́. Ṣé wàá kọ hàntú náà ni?"

Mùsùlùmí ni mí, báwo ni n ó ṣe kọ̀ ọ́? Ààfáà kan ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú lẹ́yìn ilé wa, onísùúrù èèyàn. Òun ló ń fi tàdáwà kọ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run sára wàláà, tó ń fi omi fọ̀ ọ́ sínú àwo, tí wọ́n ń gbé e fún aláìsàn mu. Ní gbogbo Jímọ̀ọ̀, Ìyá á gbé tiwa dé tòun ti ìdérí. Èmi á mu, Rísíkà á mu ìyókù. Ọkàn mi máa ń balẹ̀ bí mo bá mu ún, òótọ́ sì nìyẹn títí dòní.

Ara mi wá yá. Kì í ṣe yíyá ẹlẹ́gẹ́ ti àkọ́kọ́ o. Irun mi hù padà, mò ń jẹun, mò ń rán aṣọ Iléyá títí ẹsẹ̀ mi fi ń wú nídìí ẹ̀rọ. Ìyá kò padà sílé mọ́. Ó ní òun fẹ́ràn ariwo Èkó, irọ́ ni, Rísíkà ló fẹ́ràn. Òjò lọ, ọyẹ́ fẹ́ lọ. Nígbà tí òjò tún bẹ̀rẹ̀, tí omi kànga gun òkè tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ọwọ́, orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ mi láti iwájú. Mo mọ̀ ọ́n lọ́gán.

Ìyá kò tilẹ̀ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán. "Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé o! Oògùn òyìnbó ń gé ẹ̀ka ni, kò hú gbòǹgbò. Ilé là ń lọ. Èmi, ìyàwó, àti ọmọ."

Ọkọ mi ti bá awakọ̀ kan sọ̀rọ̀, ẹni tó fẹ́ já pákó sí Ṣómólú kó tó padà sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ó ní, "Màámi ò purọ́, Ìyá Rísíkà. Ẹ̀ẹ̀mejì la ti gba oògùn yìí. Tó bá ran ibà náà, ṣé ibà á tún padà?"

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ bọ́gbọ́n mu, ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù. Bí oògùn kò bá ṣiṣẹ́ lóòótọ́, kí ni mò ń padà lọ wá nílé ìwòsàn? Bó bá sì ṣiṣẹ́, tí mo bá fi í sílẹ̀ tí mo lọ dùbúlẹ̀ ti àgbo ní Ògbómọ̀ṣọ́, mo mọ ibi tí wọ́n sin ẹ̀gbọ́n bàbá mi sí. Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ lọ bi dókítà ní ìbéèrè kan. Bó bá ní ti àtijọ́ náà ló tún jí, màá wọ ọkọ̀ yín, n kò ní jiyàn."

Ìyá ní, "Ó dáa. Àmọ́ n ó bá ọ lọ, kí etí tèmi náà gbọ́." Ó pọn Rísíkà sẹ́yìn, a jáde.

A tò, a tò, a kan dókítà. Mo bi í ní ìbéèrè mi. Òun náà ló tún ń bi wá. Ó ní, "Láti ìgbà tí ẹ ti kúrò níbí, ṣé ara yín yá tán?"

"Ó yá tán. Mo tilẹ̀ sanra."

"Ẹ ń ṣiṣẹ́? Ẹ ń jẹun?"

Ìyá ló gbà á lẹ́nu mi. "Ó ń jẹ ẹ̀bà bí aláàárù."

Dókítà rẹ́rìn-ín. "Màmá, èyí tó jí níjọ́sí, kò jẹ́ kó yá tán kó tó padà. Èyí ti jẹ́ kó lo òjò kan, ó lo ẹ̀ẹ̀rùn kan, ara rẹ̀ le koko láàárín. N kò lè fi ojú rí inú, n kò ní búra. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, oògùn yẹn pa ti àkọ́kọ́. Tuntun ló wọlé."

"Ó gba ibo wọlé?"

"Ẹnu. Ohun tó ń jẹ tàbí ohun tó ń mu."

Inú bí Ìyá. Ó dìde lórí bẹ́ǹṣì. "Omi sísè là ń mu! Kẹrosínì ilé wa, orí omi ló ń tán sí! Gbogbo ilé ń fi wá ṣẹ̀sín! Omi tútù kan kì í kan ẹnu ìyàwó mi, àfi…"

"Àfi kí ni, Màmá?"

"Àfi hàntú."

Mò ń retí kí dókítà yọ ṣùtì. Kò yọ ọ́. Ó ní, "Hàntú ni wọ́n fi tọ́ èmi náà dàgbà, Màmá. N ò bá yín jà sí ọ̀rọ̀ Ọlọ́run. Omi tí wọ́n fi fọ wàláà ni mò ń béèrè. Níbo ni Ààfáà ti ń rí i?"

Ìyá ní, "Èmi ni mò ń pọn ọ́n lọ fún wọn. Omi kànga ilé wa ni, omi àfàárọ̀pọn, kí ẹnikẹ́ni tó da korobá sí i. Ààfáà ní omi kómi tó bá mọ́ ló dára. Èmi ni mo ní kò gbọdọ̀ jẹ́ èyí tí iná ti kàn. Omi tí a bá ti sè, ó ti kú. Báwo ni òkú omi ṣe máa gbé ọ̀rọ̀ ìyè?" Ó wá rántí ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó tú ọ̀já, ó gbé Rísíkà síwájú, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án níwájú orí. Ó ní, "Ọmọ yìí náà ń mu ún. Ara rẹ̀ ti ń gbóná láti àná. Mo ní eyín ni."

Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ àwa méjèèjì. Ohun kan náà ló wà lára wa. Bẹ́ẹ̀dì kan ni wọ́n fi wá sí, èmi lápá ògiri, Rísíkà ní àyà mi, Ìyá lórí ẹní nísàlẹ̀. Oògùn tí wọ́n ní kò ràn án náà ni wọ́n fún mi, ó sì ràn án. Ti Rísíkà kò tíì wọra púpọ̀. Ó ti ń béèrè àkàrà kí èmi tó lè jókòó. Ọkọ̀ Ògbómọ̀ṣọ́ ti lọ láìsí wa nínú rẹ̀. Bí a bá wọ̀ ọ́ ni, ìdí àgbo ni ọmọ mi ì bá kú sí.

Mo bínú sí Ìyá. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, torí inú á bí ẹ̀yin náà sí àwọn ènìyàn yín. Ó ń bu omi ẹ̀kọ sí mi lẹ́nu, n kò wo ojú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbínú náà kò rí ibi dúró sí. Ta ló ń jí kí ilẹ̀ tó mọ́, ní ọjọ́ orí yẹn, láti pọnmi fún ìyàwó ọmọ rẹ̀? Ẹni tó fẹ́ kí n kú kọ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n ní ká máa lọ sílé, èmi ni mo kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Mo ní kó bá mi di gèlè mi, ó sì dì í.

Nígbà tí a sọ fún Ààfáà, ó káwọ́ lórí. "Ìyàwó, ẹ má bínú. Kò sí ibi tí wọ́n ti ní kí á má se omi." Láti ọjọ́ náà ló ti ń se omi, tó ń jẹ́ kó tutù kó tó fi fọ wàláà. Àwọn kan ń kùn. Ó bi wọ́n pé, "Ṣé Ọlọ́run tó dá omi kọ́ ló dá iná?" Àwa náà ṣì ń mu ún.

Nítorí náà, bí ibà yín bá padà, ẹ má sáré sọ pé oògùn ti kùnà, ẹ má sì sáré wá ọ̀tá. Ẹ kọ́kọ́ bi ara yín: ṣé mo yá tán láàárín? Bí ara kò bá tíì yá tán kó tó dé, ó lè jẹ́ ti àtijọ́ ló jí, kí ẹ padà sọ́dọ̀ dókítà kó fi kún oògùn. Bó bá jẹ́ pé ẹ ti yá dáadáa, tó ti pẹ́, ẹ padà sọ́dọ̀ dókítà náà ni, àmọ́ ẹ wá ilẹ̀kùn tó gbà wọlé, torí àwọn mìíràn nínú ilé lè wà lójú ọ̀nà kan náà. Kí ẹ sì wá a dé ibi tí ẹ kò ti fẹ́ wò.

Ara mi le báyìí. Òjò ti rọ̀ léraléra láti ìgbà náà, ibà náà kò padà. Ó ṣì máa ń tètè rẹ̀ mí, ẹ̀wà púpọ̀ sì ń dà mí nínú rú, ṣùgbọ́n mò ń ṣe iṣẹ́ mi. Rísíkà ti wọ iléèwé, ariwo rẹ̀ kún àdúgbò. Onílé kò gbẹ́ ṣáláńgá mìíràn. Àwa ayálégbé tó gbọ́ràn ń se omi, àwọn tí kò gbọ́ ń béèrè iyọ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, obìnrin kan gbé aṣọ wá láti Ìkọ̀tún. Ojú rẹ̀ ti wọnú. Ó ní ibà jẹ̀funjẹ̀fun ló ṣe òun lọ́dún tó kọjá, ó lọ, ó tún ti dé, àwọn ará ilé ọkọ òun sì ní ilé ni kí wọ́n gbé òun lọ. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n Ìyá, tó ń ṣa ẹ̀gúsí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ti ṣáájú mi.

"Láàárín èyí tó lọ àti èyí tó dé, ṣé ara rẹ yá tán?"

"Ó yá tán, Màmá."

"Kí lò ń mu tí iná ò kàn?"

"Kò sí o, Màmá. Mò ń ṣọ́ra gan-an."

Ìyá gbé àwo ẹ̀gúsí sílẹ̀. "Rò ó dáadáa, ọmọ mi. Ta ló fẹ́ràn rẹ jù nínú ilé yẹn? Kí ló ń fún ọ mu?"

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, kò yé e. Ìyá kò rẹ́rìn-ín. Ó tọ́ka sí mi. "Èmi ni mo fún eléyìí mu. Ọwọ́ ara mi ni mo fi pọn ọ́n fún un, òun àti ọmọ rẹ̀."

N kò gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ rí. Ẹ̀rín kúrò lójú obìnrin náà díẹ̀díẹ̀. Ó wolẹ̀, ó ń ronú, nígbà tó sì gbójú sókè, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

Ó ní, "Ìyá mi tó wá tọ́jú mi ni. Omi tútù ni wọ́n fi ń rẹ àgbo mi."